Ẹ̀rọ Tó Ń Mu Omi

"Rọra o, Rúlà! Bí o bá tún fún un bẹ́ẹ̀, ọrùn rẹ̀ á kán." Aya rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì.

"Ta ló bi ọ́? Ìwọ tí o kò mọ ìyàtọ̀ láàárín sípánà àti ṣíbí."

"Mo mọ̀ ọ́n. Ṣíbí kì í bọ́ lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀ ọjọ́ kan."

Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó wá sípánà tó bọ́ lábẹ́ tábìlì kàn. Rúlà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí pé àwòrán ilé ló ń yà lórí kọ̀ǹpútà fún àwọn tó fẹ́ kọ́lé, ìlà rẹ̀ kì í sì í wọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì yẹn, ó kúnlẹ̀ ti àpótí kọ̀ǹpútà tó ti tú ìhà rẹ̀ kan sílẹ̀, ó ń fi rọ́bà tó mọ́ gaara so ọpọlọ ẹ̀rọ náà mọ́ rédíétọ̀ pẹlẹbẹ kan àti táǹkì tí kò tó ife omi.

Kì í ṣe fáàrí ló mú un dé ìdí rẹ̀. Bí Rúlà bá ti ní kí ẹ̀rọ náà sọ ìlà di ilé tó dúró gbagidi lójú ẹni, fáànù mẹ́rin tó wà nínú rẹ̀ a máa hó yee bí agbo oyin tí wọ́n sọ lókùúta. Látìgbà tí wọ́n sì ti la orí aya rẹ̀ ní ilé ìwòsàn, gbogbo ariwo ti di abẹ́rẹ́ lára obìnrin náà. Bí fáànù bá ti gbéra, á fi ìrọ̀rí bo etí, omi á máa dà lójú rẹ̀, síbẹ̀ kò ní ní kí ọkọ òun pa iṣẹ́ tó ń bọ́ wọn tì. Rúlà kò sì lè gbé ẹ̀rọ náà lọ síbòmíràn. Gìrì a máa mú aya rẹ̀ láìrò tẹ́lẹ̀. Ohùn kékeré kan ló máa ń ti ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ jáde, bí ìgbà tí èèyàn fẹ́ húkọ́ tí kò húkọ́ mọ́, ẹni tó bá gbọ́ ọ gbọ́dọ̀ sáré yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan kí gìrì náà tó pa á.

Màámi, ìyá Rúlà, ń bá wọn gbé, ṣùgbọ́n etí Màámi ti lọ sí àjò. Bí àrá bá sán, yóò ní kí wọ́n lọ wo ẹni tó ń kanlẹ̀kùn.

Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni ẹ̀gbọ́n aya rẹ̀, tó jẹ́ awakọ̀, ti wá kí wọn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó gbọ́ ariwo náà, ó rí àbúrò rẹ̀ lábẹ́ ìrọ̀rí, ó mi orí.

"Àna mi, aláìsàn àti ẹ̀rọ ìlọta kì í jọ sùn ní yàrá kan. Mo ń padà bọ̀ ní Sátidé kejì òní. Bí mo bá tún bá ariwo yìí, màá gbé àbúrò mi lọ sọ́dọ̀ mi. Nọ́ọ̀sì sá ni ìyàwó mi."

Rúlà ro bí ọ̀nà ibẹ̀ ti jìn tó. Ilé ẹ̀gbọ́n náà, ìrìn ọjọ́ méjì gbáko ni. Ẹni tó bá gbé aláìsàn lọ síbẹ̀, ẹ̀mí ló mọ bóyá yóò gbé e padà.

Wáyà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ló fún un ní ọgbọ́n. "Fi omi rọ́pò fáànù. Bí rédíétọ̀ ṣe ń ṣe fún mọ́tò náà ni. Omi á gba ooru lára rẹ̀, á gbé e síta, á tutù, á tún padà wá. Ẹ̀rọ á dákẹ́ bí ẹni tó ń ronú. Ṣùgbọ́n fetí sí mi dáadáa. Bí o bá so ó tán, fi bébà ìnuwọ́ funfun tẹ́ abẹ́ gbogbo oríkèé rẹ̀. Pọ́ǹpù tó ń ti omi kiri nìkan ni kí o fún ní iná. Jẹ́ kí omi máa yí po láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Bí bébà bá tutù níbì kan, ibẹ̀ ló ń jò nìyẹn, má tan án. Bí ó bá gbẹ, àlàáfíà ni."

Gbogbo rẹ̀ ni Rúlà ṣe. Ó rọra da omi sínú táǹkì, pọ́ǹpù sì gbé e mì, gbùlù, gbùlù.

"Gbọ́ bó ṣe ń mumi," ni aya rẹ̀ wí, "bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí."

Nígbà tó yá, ariwo mímu náà pẹ̀lú dákẹ́. Rúlà tẹ́ bébà, ó wọ bàtà, nítorí pé ọjọ́ yẹn gan-an ni ilé ìwòsàn pe òun àti aya rẹ̀. Ó tẹ̀ mọ́ ìyá rẹ̀ létí, ó pariwo: "Màámi! Ẹ má fọwọ́ kan ẹ̀rọ yẹn o!"

"Kí ni n ó fi í ṣe?" ni Màámi dá a lóhùn. "Ṣé ó ń sè ni?"

Dókítà tó rí wọn kò dàgbà ju àbúrò wọn lọ. Ó gbé àwòrán inú orí síwájú iná, ó wò ó pẹ́, ó tún gbé e sílẹ̀. "Ẹ máa tọ́jú wọn nílé," ló wí. "Kò sí ohun tí a tún lè gé." Kò sọ iye oṣù, wọn kò sì bi í. Nínú ọkọ̀ tí wọ́n fi ń bọ̀, obìnrin náà gbé orí lé èjìká ọkọ rẹ̀.

"Ó kéré tán, ilé á dákẹ́," ló wí.

Òòrùn kò tíì wọ̀ nígbà tí wọ́n délé. Kí Rúlà tó bọ́ bàtà ló ti kúnlẹ̀ ti àpótí náà. Bébà funfun báláú, ó gbẹ bí èèpo ẹ̀pà. Ó fi ìka kàn án níhìn-ín, ó kàn án lọ́hùn-ún. Ayọ̀ gbà á lọ́kàn. Ó so gbogbo wáyà padà, ó tẹ bọ́tìnnì. Ojú ẹ̀rọ tàn yòò, ilé ẹ̀kọ́ tó ń yà fún kọngílá tó gbé iṣẹ́ fún un yọ síta pẹ̀lú fèrèsé ogójì. Ó ní kó sọ ìlà di ilé. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kò pariwo.

"Ṣé o ti tan án?"

"Ó ti ń ṣiṣẹ́."

"Irọ́ ni! Èémí ìwọ gan-an ni mò ń gbọ́."

Àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ nígbà tí nǹkan kan ta ṣáú nínú àpótí náà. Ojú ẹ̀rọ ṣókùnkùn, òórùn iná sì gba yàrá. Rúlà fa wáyà yọ lógiri, ó tanná wo inú. Omi ń kán láti oríkèé rọ́bà kan, ìkán kan, ó dúró, ìkán mìíràn, sórí bọ́ọ̀dù tó ti dúdú.

Màámi yọjú. "Kí ló ń jóná?"

"Màámi, ẹ fọwọ́ kan ẹ̀rọ yìí bí?" Ohùn Rúlà le débi pé Màámi gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan.

"Èmi kẹ̀? O ní n má fọwọ́ kàn án, mi ò fọwọ́ kàn án. Bébà abẹ́ rẹ̀ ni mò ń pààrọ̀, ó ń tutù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pààrọ̀ rẹ̀. Kí ẹ tó wọlé ni mo fi òmíràn síbẹ̀, kí ojú ilé lè mọ́."

Ogójì ọdún ni Màámi fi fọ aṣọ fún olówó àti òtòṣì. Kò sí bó ṣe lè rí ohun tútù kó fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Rúlà sì ni kò sọ fún un ohun tí bébà wà fún. Ta ló fẹ́ pariwo ọ̀rọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀ létí adití láàárọ̀ kùtù?

"Àbí mo ṣe ohun tí kò dáa ni?"

Rúlà la ẹnu. Ó rí ojú aya rẹ̀. Obìnrin náà ń mi orí fún un, díẹ̀díẹ̀, pé kó má sọ ọ́. Rúlà gbé ẹnu lọ sétí ìyá rẹ̀.

"Rárá, Màámi. Ogbó ló pa á."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ogbó ò mojú ẹnì kankan. Ẹ pẹ̀lẹ́ o."

Wáyà wá ní ìrọ̀lẹ́ yẹn kan náà. Ó wò ó, ó pòṣé. "Bọ́ọ̀dù ti lọ. Ọpọlọ ti lọ. Àpótí nìkan ló kù, o lè máa kó aṣọ sí i." Rúlà pe kọngílá lórí fóònù. Kọngílá kò bínú, ó ní kó máa wá lo ẹ̀rọ ọ́fíìsì òun láti ọjọ́ Ajé, aago méje àárọ̀ sí méje alẹ́.

Ní Sátidé, ẹ̀gbọ́n awakọ̀ dé lọ́sàn-án. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà bó ti ṣe nígbà kìíní, ó tẹ́tí, títí.

"Ẹ̀rọ náà ńkọ́?"

"Omi ni ọkọ mi ń fún un mu báyìí," ni aya Rúlà yára dáhùn. Ó ti jókòó, ó ti di irun tó kù lórí rẹ̀. "Ẹ ò gbọ́ ọ bí? Àwa náà ò gbọ́ ọ."

Ẹ̀gbọ́n bú sẹ́rìn-ín, ó gbá Rúlà léjìká. "Àna mi, ọkùnrin ni ọ́! Ọ̀rọ̀ mi ò yí padà. Mo ní bí ariwo bá wà ni. Kò sí ariwo, ẹ máa bá ilé yín gbé. N ó mumi, n ó máa lọ."

Obìnrin náà wo ọkọ rẹ̀. Ìwò náà ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dákẹ́. Rúlà gbọ́ ìyá rẹ̀ nínú pálọ̀, ó ń fọ ife fún àlejò, ó ń gbá àwo mọ́ àwo láìmọ̀. Ó ro ọjọ́ Ajé. Ó ro ohùn kékeré gìrì yẹn, kó máa dún nínú yàrá yìí láti aago méje sí aago méje, kí Màámi jókòó lẹ́yìn ògiri kó máa ká aṣọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má lọ," ló wí. "Ẹ̀rọ náà ti kú. Iṣẹ́ ń mú mi jáde láti ọjọ́ Ajé. Ẹ gbé àbúrò yín dání."

Lẹ́yìn náà ni aya rẹ̀ na ọwọ́ méjèèjì sí i bí ọmọdé, kó gbé òun. Ó fúyẹ́ ju bí Rúlà ti rò lọ. Ó gbé e kọjá pálọ̀, ó gbé e sínú mọ́tò, ó fi ìrọ̀rí sí i lẹ́yìn.

"O ṣe dáadáa," ni aya rẹ̀ wí. Ó yí ojú sí ọ̀nà kejì kí ọkọ̀ tó gbéra.

Màámi jáde pẹ̀lú ife omi lọ́wọ́, ó juwọ́ sí ọkọ̀ tó ti ń lọ. Ó dùn mọ́ ọn pé wọ́n ń gbé ìyàwó rẹ̀ lọ gba atẹ́gùn.

"Ìgbà wo ni wọ́n ń dé?" ló bèèrè.

Rúlà bẹ̀rẹ̀, ó gbé ẹnu lọ sétí ìyá rẹ̀, ó sì dúró bẹ́ẹ̀.