Ìbọ̀wọ́ Àwọn Tó Gbé Harold

Ó ku ọ̀la kí wọ́n sin Harold nígbà tí Búọ̀dá George, ọ̀rẹ́ olóògbé, rán Edith opó rẹ̀ lọ ra ìbọ̀wọ́ funfun. Ẹlòmíì ì bá ní kí opó jókòó sílé. George ní kò sẹ́ni tó mọ funfun tó funfun bí Edith ní gbogbo Ìjẹ̀bú-Òde.

Àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ Harold ló máa gbé pósí náà fúnra wọn. Wọn kì í háyà agbépósí. Pósí ọ̀hún tó wò: igi ọ̀gànwó, ọwọ́ idẹ tí wọ́n ṣe bí ìyẹ́ áńgẹ́lì, tí George sì ní kí wọ́n fi epo pa kó lè dán nínú fọ́tò.

Edith lọ. Láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ibi tí wọ́n bá ní kó lọ ló ń lọ. Oúnjẹ tí wọ́n bá gbé síwájú ẹ̀, ó ń jẹ ẹ́ bí ẹni ń jẹ bébà.

Ní ìsọ̀ Raheemah tó ń ta irinṣẹ́, ìbọ̀wọ́ kún ara ògiri.

"Mọ́mì, kí lẹ fẹ́ fi dì mú?"

"Ọkọ mi ni."

Raheemah rí aṣọ dúdú ọrùn rẹ̀. "Ẹ kú ará fẹ́ra kù, mà. Báwo lọwọ́ pósí náà ṣe rí?"

Edith sọ ọ́. Lánàá ló fi ìka kan ìyẹ́ áńgẹ́lì yẹn. Ẹ̀jẹ̀ ló rí, kò mọ ìgbà tó gé e.

Raheemah yẹ ti sátìnì sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Fọ́tò nìkan lèyí dáa fún, epo á mú un yọ̀. Rọ́bà gígùn yẹn, àwọn tó ń da ásíìdì sí bátìrì ló ni ín. Ti awọ, wẹ́dà ló ni ín. Tó bá ti mu epo, ó parí. Èyí ni kẹ́ ẹ mú: òwú tó nípọn, wọ́n wá fi rọ́bà bo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Kì í yọ̀, irin ò sì ní tètè gé wọn."

"Ṣó funfun?"

"Ẹ̀yìn ẹ̀ funfun. Rọ́bà yẹn ló dúdú."

Edith rà á. Ohun kan ṣoṣo ló kù tó ń ká a lára: kí Harold má jábọ́, ọkùnrin tí kì í jẹ́ kí eruku kan bàtà rẹ̀.

George yí ìbọ̀wọ́ náà síwá sẹ́yìn. "Ìyàwó wa, ṣé ti àwọn tó ń po kọnkéré kọ́ lèyí? Àwọn àna wa láti Ayépé ń bọ̀ o."

"Àtẹ́lẹwọ́ ò ní hàn, Búọ̀dá. Àfi táwọn ará Ayépé bá fẹ́ wọ abẹ́ pósí."

Àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ yòókù gbà á. George lọ ra sátìnì tirẹ̀, tó ní bọ́tìnnì wúrà.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé Harold jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọn ò tíì dé ìdí sàréè tí ọwọ́ George fi yọ̀. Pósí fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwọn yòókù dì í mú ṣinṣin, ó dúró. Ayafọ́tò ò ṣíwọ́ yíyà.

Edith rìn lọ bá George. Kò pariwo.

"Ẹ bọ́ ọ."

"Ìyàwó wa, àwọn èèyàn ń wò."

"Ẹ bọ́ ọ, Búọ̀dá. Ọwọ́ lásán sàn jù ú lọ."

George bọ́ ọ. Ó fi ọwọ́ lásán di idẹ mú, ó fajú ro bí ẹni tí nǹkan ń gé, kò sì jù ú sílẹ̀ títí wọ́n fi sọ Harold kalẹ̀ láìfara họ.

Àwọn obìnrin ń wojú opó bóyá á sunkún. Edith bi wọ́n bóyá àga wà tóun lè jókòó sí.