Bẹ́ẹ̀dì Tí Kò Kùn Mọ́

Láti ìgbà tí Glenys ti ṣí ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀dì oòrùn rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ilé oníẹja díndín ní Rhondda nílùú òyìnbó, etí àti ọwọ́ ló fi ń mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀dì ń ṣiṣẹ́. Á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bó bá ń kùn, tó sì gbóná, á ní kí oníbàárà wọlé lọ dùbúlẹ̀ sábẹ́ iná, kí àwọ̀ funfun rẹ̀ lè dúdú díẹ̀ bí ẹni tí oòrùn pa. Àwọn oníbàárà náà ti kọ́ àṣà yẹn: iná tí kò bá pariwo, wọn ò kà á sí iná. Ní ìlú tí òjò ti ń rọ̀ tó báyẹn, ta ni yóò bá wọn jiyàn oòrùn?

Àwọn ṣóòkì ló ń kùn, àwọn irin wúwo tó ń darí iná sínú àwọn gílóòbù gígùn. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jó lọ́kọ̀ọ̀kan, Emlyn oníná kó gbogbo wọn jáde, ó fi ti ìgbàlódé rọ́pò wọn, àwọn pẹlẹbẹ kékeré tí kì í dún, tí kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ gbóná.

"Ẹ gbọ́ o, Glenys," Emlyn wí, bó ṣe ń kó irin àtijọ́ sínú ọkọ̀. "Gílóòbù yín máa mú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ dín ìṣẹ́jú àwọn èèyàn kù."

"Nǹkan tí ò lè kùn?" Glenys rẹ́rìn-ín. "Emlyn, ológbò mi ń kùn jù ú lọ. Lọ mu tíì rẹ."

Ó kọ etí ikún sí i. Obìnrin yìí kì í ṣe òmùgọ̀ rárá, àmọ́ ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ máa ń rò pé iṣẹ́ náà ò lè yí padà lẹ́yìn òun.

Lọ́jọ́bọ̀, Carys ọmọ rẹ̀ wá. Sátidé ni yóò fẹ́ Rhodri, aṣọ ìyàwó rẹ̀ kò sì ní ẹ̀yìn rárá. Ó fẹ́ kí oòrùn kan ara òun díẹ̀ kó tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó lo ìṣẹ́jú tó máa ń lò, ó jáde.

"Màmá, ṣé ẹ tan nǹkan yìí ṣá? Iná ń tàn lóòótọ́, àmọ́ mi ò gbọ́ kí ó dún. Àfi bíi pé inú fíríìjì ni mo sùn sí."

Glenys gbé àtẹ́lẹwọ́ lé bẹ́ẹ̀dì. Kò gbọ̀n, kò gbóná. Ó wo ẹ̀yìn ọmọ rẹ̀, bó ṣe wà náà ló wà.

"Emlyn ti ta pàǹtí fún mi," ó wí. "Padà wọlé, ọmọ mi. Lo ìlọ́po méjì."

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Ta ló ni ṣọ́ọ̀bù?"

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ̀yìn Carys ti pupa bí akàn tí wọ́n sè. Kò lè fẹ̀yìn ti àga. "Aṣọ tí mo ti ń wá láti ọdún tó kọjá!" ó ń sunkún. "Màmá, ẹ ti ba ọjọ́ mi jẹ́."

Ojú ti Glenys, ó sì dùn ún dé ọkàn. Láàárọ̀, lálẹ́, ó ń fi ìpara tútù pa ẹ̀yìn náà, títí ó fi mọ gbogbo ibi tó jó, àti ibi kékeré méjì péré tí kò jó, níbi tí egungun èjìká ti tẹ bẹ́ẹ̀dì. Carys jẹ́ kó pa á, àmọ́ kò wo ojú rẹ̀.

Ní Sátidé, Carys wọ aṣọ náà. Glenys dúró lẹ́yìn rẹ̀ bí ọlọ́dẹ. "Ẹ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́," ó ń sọ fún àwọn àǹtí. "Ẹ má dì mọ́ ọn."

Ó wá ku ijó tọkọtaya. Rhodri gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn, Carys ké, ó fò sẹ́yìn. Rhodri na ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tí ọlọ́pàá mú. Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín, omi sì lé ròrò sójú ìyàwó.

Glenys la àárín wọn kọjá. Ó mú ọwọ́ Rhodri, ó gbé ọ̀kan lé egungun èjìká ọ̀tún Carys, èkejì lé tòsì.

"Ibẹ̀ ni," ó wí. "Má gbé e kúrò."

Carys mí kanlẹ̀, ó gbé orí lé àyà ọkọ rẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Láti ẹ̀gbẹ́ èjìká Rhodri, Carys wá wo ojú ìyá rẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ láti Ọjọ́bọ̀.

"Màmá," ó wí, "Emlyn wà nídìí kéèkì. Ẹ lọ tọrọ àforíjì."

Glenys lọ bá a.