Ẹ̀rọ Tó Gba Àsíá Lọ́wọ́ Tíṣà

Ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé ọmọ lọ síléèwé láàárín ọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi ń sáré ní ìparí ọ̀sẹ̀. Ẹgbẹ́ wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ olówó. Oníbúrẹ́dì ni alága wọn, nọ́ọ̀sì kan wà láàárín wọn tí kò sẹ́ni tó lè bá a yí kọ́nà, àwọn yòókù jẹ́ káfíńtà, awakọ̀ àti akọ̀wé báǹkì. Wọ́n rí ilẹ̀ kọnkéré gbalasa kan lò lẹ́yìn ilé iṣẹ́ tó ti kógbá sílé. Wọ́n á to kóònù pupa síbẹ̀ kọ́lọkọ̀lọ, ọkọ̀ kan ṣoṣo á wọlé, á yí, á lọ́, á sáré jáde, kí òmíràn tó wọlé. Aago ni gbogbo wọn ń bá jà, wọn kì í bá ara wọn jà. Ẹni tó bá gbá kóònù ṣubú, wọ́n á fi ìṣẹ́jú àáyá kún àkókò rẹ̀ láti fìyà jẹ ẹ́.

Ọkùnrin tó ń di aago náà mú ni wọ́n ń pè ní Télọ̀, nítorí iṣẹ́ aṣọ rírán ló ń ṣe. Aya rẹ̀, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ni Tíṣà. Nínú ilé pàápàá, bí wọ́n ṣe ń pe ara wọn nìyẹn. Tíṣà ló máa ń dúró níbi tí ọkọ̀ ti ń gbéra, pẹ̀lú àsíá funfun tí ọkọ rẹ̀ rán fún un. Télọ̀ á wà lọ́hùn-ún níbi tí eré ń parí sí. Bó bá ti nawọ́ sókè pé òun ti ṣe tán, Tíṣà á ju àsíá sílẹ̀, ọkọ̀ á gbéra fìrì, Télọ̀ á tẹ aago. Wọ́n ti ń ṣe é bọ̀ láti ìgbà tí irun orí wọn ṣì dúdú. Àwọn èèyàn máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ohun tí kò jẹ́ kí wọ́n jà rí nìyẹn: bí ọ̀kan bá wà lókè pápá, tí èkejì wà nísàlẹ̀, ibo ni ìjà á ti ráàyè?

Nígbà tó yá, àkókò tí aago ń mú wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Ọkọ̀ tó lọ wẹ́rẹ́ á gba àkókò ìgbín, èyí tó ń wọ́ ẹsẹ̀ á gba ipò kìíní. Àwọn kan ní ojú Télọ̀ ló ti di bàìbàì. Kò bá wọn jiyàn. Ó jẹ́ kí wọ́n gbà pé ojú òun ni, nítorí ó mọ̀ pé Tíṣà ni. Ó ti rí i tó gbé àsíá sókè tí kò rántí jù ú sílẹ̀, títí awakọ̀ fi gbéra fúnra rẹ̀. Nílé, ó ti bá àlùmọ́gàjí rẹ̀ nínú fíríìjì. Dókítà ti pe orúkọ àìsàn náà fún un, ó sì ti sọ pé kò sí oògùn tó ń dá a padà, àfi kí wọ́n máa fi sùúrù bá a lò. Télọ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà mì bí ẹni gbé abẹ́rẹ́ mì. Kò sọ fún ẹnì kankan.

Ẹgbẹ́ bá pinnu láti ra ẹ̀rọ tí yóò máa ka àkókò. Wọ́n ní Télọ̀ ni kó yàn án, torí kò sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ náà tó o. Méjì ló wà níwájú rẹ̀. Èkíní jẹ́ ti orí fóònù: ẹnì kan á tẹ fóònù níbi ìbẹ̀rẹ̀, ẹlòmíràn á tẹ tirẹ̀ níbi ìparí. Èkejì ní ojú. Wọ́n á gbé ojú náà ka orí ẹsẹ̀ irin ní ibi méjèèjì, ìtànṣán tí èèyàn kò lè rí á máa gba àárín kọjá. Bí ọkọ̀ bá ti gé ìtànṣán ti ìbẹ̀rẹ̀, aago á bẹ̀rẹ̀. Bó bá gé ti ìparí, á dúró. Ìyẹn kò nílò kí ẹnikẹ́ni dúró síbì kankan.

Télọ̀ ní ti fóònù ló dáa. Nọ́ọ̀sì bi í pé kí ló dé tó fẹ́ èyí tó tún nílò ọwọ́ èèyàn, nígbà tó jẹ́ pé ọwọ́ èèyàn ni wọ́n ń sá fún. Ó ní òjò lè pa ẹ̀rọ olójú, oòrùn lè dà á lójú rú, ajá lè sáré gbabẹ̀ kọjá. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, àmọ́ kì í ṣe ìyẹn ló wà nínú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì wò ó títí. Oníbúrẹ́dì, tí kò fẹ́ aáwọ̀, ní kí wọ́n yá méjèèjì wá kí wọ́n dán wọn wò.

Lọ́jọ́ ìdánwò, ti fóònù ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Télọ̀ ti kọ́ Tíṣà nílé bí yóò ṣe tẹ̀ ẹ́, ó sì ti ń ṣe é dáadáa. Ó fi fóònù sí i lọ́wọ́ ọ̀tún, ó fi àsíá sí òsì, ó gba ọ̀hún lọ. Nọ́ọ̀sì ló wà nínú ọkọ̀. Oníbúrẹ́dì ṣì wà láàárín pápá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń gbé kóònù kan tí atẹ́gùn bì ṣubú dìde. Télọ̀ kò tíì nawọ́. Tíṣà gbé fóònù sétí, ó ní, "Ẹ ń lẹ́ o, ta ló ń sọ̀rọ̀?" Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé àwàdà ni. Bó ṣe ń retí ìdáhùn, ó ju àsíá sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì tẹná. Ó ti yí kọ́nà àkọ́kọ́ kó tó rí ẹ̀yìn Oníbúrẹ́dì níwájú rẹ̀. Ó tẹ bíréèkì, ọkọ̀ fi ẹ̀gbẹ́ wọ́, táyà ń han, ó gbá kóònù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin náà fò. Oníbúrẹ́dì jókòó sórí kọnkéré. Kò sóhun tó ṣe é, àmọ́ ó pẹ́ kó tó lè dìde, nígbà tó sì dìde, kò bínú sẹ́nikẹ́ni, ó kàn ń gbọn eruku sòkòtò rẹ̀ ṣáá.

Télọ̀ ti sáré dé. Ọ̀dọ̀ aya rẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ. Fóònù ṣì wà létí obìnrin náà.

Nọ́ọ̀sì fa Télọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Bàbá, láti ìgbà wo?"

"Láti ọdún tó kọjá."

"Ẹ̀yin nìkan lẹ sì ń dá a gbé?"

"Ta ni kí n gbé e fún?" ni Télọ̀ wí. "Aya mi ni."

Ó padà sáàárín wọn, ó ní kí wọ́n ra èyí tó ní ojú. Ohùn rẹ̀ kò ga. Ó ní kò sóhun tó ṣe ojú òun, ara Tíṣà ni kò yá, òun ló ń fi í pamọ́. Káfíńtà, tó ti ń sọ̀rọ̀ jù nípa ojú Télọ̀, wolẹ̀.

Ìdí oúnjẹ ni òun àti Tíṣà wà nílé nígbà tó sọ fún un. Orí Tíṣà pé lọ́jọ́ náà. Ó gbọ́ pé ẹ̀rọ ni yóò máa ṣe iṣẹ́ àsíá, ó rọra gbé ṣíbí kalẹ̀.

"Ṣé mo ti ń ba iṣẹ́ jẹ́ ni?"

"Ó ti ń rẹ̀ ẹ́ ni."

"Ìyẹn kọ́ ni mo bi ọ́," ó wí, bí ẹni ń bá ọmọ kíláàsì sọ̀rọ̀. Ó tún ní, "Télọ̀, èmi náà máa ń mọ̀ lọ́jọ́ míì. Ọjọ́ tí mi ò bá mọ̀ ni kó o ṣàánú mi." Ó mú ṣíbí, ó ń jẹun lọ.

Ẹ̀rọ náà dára. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n lò ó, àkókò ń jáde lójú pátákó, àríyànjiyàn parí, inú gbogbo wọn ń dùn. Tíṣà kò gbà láti jókòó síbòmíràn, Télọ̀ bá gbé àga sí ẹ̀gbẹ́ ibi ìbẹ̀rẹ̀ fún un, ó sì dúró tì í. Ara Tíṣà kò balẹ̀. Ó ń wo òkè, ó ń wo ìsàlẹ̀. Ló bá yíjú sí ọkọ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọkọ mi ló ń di aago mú lọ́hùn-ún, mi ò rí i. Ẹ bá mi sọ fún un pé mo ti ṣe tán."

Ẹgbẹ́ ni wọ́n lọ́jọ́ orí, àti kékeré ni wọ́n ti mọra. Tíṣà kò fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀ rí, kò sì fi "sà" kún ọ̀rọ̀ rẹ̀ rí. Télọ̀ ní, "Màá sọ fún un."

Ó rìn gba etí pápá lọ sísàlẹ̀. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tí kò nílò rẹ̀ mọ́, ó nawọ́ sókè. Láti ọ̀hún, ó rí i tí ojú Tíṣà là. Ó dìde lórí àga, ó gbé ọwọ́ òfìfo sókè, ó jù ú sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì ti rí gbogbo rẹ̀ láti inú ọkọ̀. Ó dúró títí ọwọ́ náà fi wálẹ̀ kó tó tẹná. Àwọn awakọ̀ yòókù náà ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó sọ fún wọn.

Nígbà tí wọ́n kó kóònù nílẹ̀, Télọ̀ padà wá mú Tíṣà. Tíṣà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ dáadáa. Ó bi í bóyá ọkọ òun ṣì ń bọ̀. Télọ̀ ní ó ń bọ̀, ó sì ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ fún un.

Tọkọtaya náà kò lọ sí pápá púpọ̀ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù ariwo ọkọ̀, nígbà tó ṣe, ó bẹ̀rù ìta fúnra rẹ̀. Télọ̀ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wọ yàrá tí aya rẹ̀ ń sùn, ibẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, akọ̀wé ẹgbẹ́ eléré ọkọ̀ mìíràn pè é lórí fóònù, ó ní òun gbọ́ pé Télọ̀ mọ̀ nípa ẹ̀rọ tó ń ka àkókò. Ó ṣàlàyé méjèèjì fún ọkùnrin náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ní kí wọ́n ra olójú. Ọkùnrin náà bi í bóyá ó ní àbùkù kankan.

"Rárá," Télọ̀ wí. "Kò ní àbùkù."

Ó gbé fóònù kalẹ̀. Ó nu omijé ojú rẹ̀ pẹ̀lú ègé aṣọ tó wà lórí itan rẹ̀, ó sì lọ bá aya rẹ̀ de bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀.