Ẹ̀rọ Ẹ̀yìn Igi Ọsàn

Nagase, ọlọ́pàá tó kéré jù nínú àwọn tó ń ṣọ́ ọ̀nà, ló wá sọ fún Kinue. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ṣí fìlà, ó ní, "Ìyá àgbà, ọwọ́ wa tẹ ẹnì kan láago mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀ yìí o. Kìlómítà mọ́kànléláàádọ́rin láàárín wákàtí ló ń sá, lójú ọ̀nà tí wọ́n ní ká má kọjá ogójì."

Kinue ń fọ ife lọ́wọ́. "Ará ìlú ńlá ni?"

"Rárá o. Bàbá arúgbó kan ni, nínú ọkọ̀ akẹ́rù kékeré funfun. Inú bí wọn gan-an. Wọ́n ní aláìsàn làwọn ń lọ gbé."

Kinue rọra gbé ife náà kalẹ̀. Kò sí ilé kan létíkun yẹn tí kò ní ọkọ̀ akẹ́rù kékeré funfun, òun ni wọ́n fi ń kó ọsàn bọ̀ láti orí òkè. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ló ń gba ibẹ̀ kọjá láago mẹ́jọ ààbọ̀ Ọjọ́bọ̀: Tomekichi, aládùúgbò rẹ̀, tó máa ń gbé e lọ sí ọsíbítù ojú láìgba kọ́bọ̀. Láti àárọ̀ ló ti ń retí rẹ̀, ó ti rò pé táyà ló jò. Aláìsàn tí bàbá náà ń sọ, òun Kinue ni.

Ọdún méjì sẹ́yìn ni ọkọ̀ gbá Yasuhei, ọkọ rẹ̀, ní kọ́nà tó wà lábẹ́ oko wọn, bó ṣe ń sọdá títì pẹ̀lú agbọ̀n ọsàn. Kò dé ọsíbítù kó tó kú. Lẹ́yìn ìsìnkú, Kinue ń lọ, ó ń bọ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá, ó ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbé kámẹ́rà tó ń wọn eré ọkọ̀ sí kọ́nà náà. Ìgbà kẹfà tó lọ ni ọ̀gá wọn sọ òótọ́ fún un, pé kámẹ́rà tí gbogbo ayé ń rí ò ṣe nǹkan kan. Awakọ̀ á rọra tó bá débẹ̀, tó bá kọjá tán, á tún bá eré rẹ̀ lọ. Èyí tó bá fara pamọ́ ló ń mú èèyàn. Ṣé ìyá lè fún àwọn láyè lẹ́yìn igi ọsàn wọn? Kinue ní kí wọ́n máa bọ̀. Ó tún ń se tíì fún wọn.

Ohun tí kò rò ni pé àwọn ará ilé ló ń sáré jù. Àlejò kì í mọ ọ̀nà, ẹ̀rù kọ́nà ń bà á, á rọra. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń gba ibẹ̀ láti àádọ́ta ọdún lè dijú wa ọkọ̀ níbẹ̀. Láàárín oṣù mẹ́ta, èèyàn mọ́kàndínlógún ni ẹ̀rọ náà mú, mẹ́rìnlá nínú wọn sì jẹ́ ọmọ abúlé.

Bí ọkọ̀ tó ń kiri ọjà bá dé, tí àwọn obìnrin pé jọ sídìí rẹ̀, ọ̀kan á ní, "Bó bá jẹ́ ẹ̀mí ni wọ́n fẹ́ gbà là, kí ló dé tí wọn ò dúró síta? Ṣebí olè ló ń lúgọ." Òmíràn á dáhùn pé, "Wọ́n mà ní ẹnì kan ń fún olè ní tíì mu." Kinue á sanwó ẹja rẹ̀, á máa lọ. Pákó ìkéde àdúgbò, tí ilé kan máa ń buwọ́ lù kó tó gbé e fún ilé kejì, kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti ń fo ilé rẹ̀ kọjá. Kò sẹ́ni tó bú u. Bí wọ́n ṣe ń bínú lábúlé yẹn nìyẹn, ó sì ń rẹ èèyàn ju èébú lọ.

Tomekichi nìkan ni kò yí padà. Ìdí nìyí tí Kinue fi wọ bàtà, tó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ gun òkè lọ bá a.

Orí pákó ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ti bá a, ìwé pupa tí ọlọ́pàá kọ fún un wà níwájú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́."

"Ìyàwó wa, irú ojú tìrẹ yìí lo fi gun òkè? Jókòó. Ǹ bá ti pè ọ́, ojú ló ń tì mí." Ó ti ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Wọ́n á gba láísẹ́ǹsì mi fún ọgbọ̀n ọjọ́. Ọmọ mi ti gbọ́ ní Osaka. Ó ní kí n kúkú lọ dá a padà fún ìjọba, kí n jáwọ́ nínú ọkọ̀ wíwà."

"Ẹ ò sì ní gbà."

"Màá gbà. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni mí. Tí mo bá fẹ́ gba òmíràn, wọ́n á ní kí n tún ìdánwò ṣe lójú àwọn ọmọdé. Ta ló lókun ẹ̀?"

Kinue mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Oko bàbá náà tó wà lórí òkè ti parí nìyẹn, torí kò sẹ́ni tí yóò ru ọsàn sọ̀kalẹ̀ fún un.

"Èmi ni mo ní kí wọ́n wá," ó ní. "Ẹ̀yìn igi ọsàn wa ni wọ́n wà."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀?"

"Ta ni ò mọ̀? Ọmọ ọlọ́pàá yẹn jókòó sídìí igi, ó ń mu tíì bí àna tuntun."

"Ẹ mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀, ẹ sì tún ń sáré?"

"Mi ò rò pé èmi ni wọ́n ń dọdẹ. Mo rò pé irú àwọn tó pa Yasuhei ni wọ́n ń wá."

"Oko mi ni. Tí mo bá sọ fún Nagase lónìí, wọ́n á kó ẹrù wọn."

Bàbá náà tún fa ìwé pupa náà mọ́ra. "Ẹni tó gbá a yẹn, eré mélòó ló ń sá?"

Kinue ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Ilé ẹjọ́ ló ti gbọ́ ọ. "Méjìdínláàádọ́rin."

Tomekichi fi ìka kan mọ́kànléláàádọ́rin tí wọ́n kọ sínú ìwé náà. Lẹ́yìn náà, ó sọ̀ kalẹ̀ sórí eékún, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, ó sì fi iwájú orí kan pákó. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọmọkùnrin tó pa Yasuhei ṣe wólẹ̀ tọrọ àforíjì nílé Kinue níjọ́ kẹta ìsìnkú, ìyá náà ò sì dá a lóhùn títí ó fi dìde fúnra rẹ̀ tó lọ. Kinue fẹ́ bínú sí ẹni tó wà níwájú rẹ̀, kò rí okun ìbínú náà mọ́. Ó rẹ̀ ẹ́ jù.

"Ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n."

Kò dìde.

"Mi ò ní ní kí àwọn ọlọ́pàá lọ o."

"Ìyẹn kọ́ ni mo ń bẹ̀ ọ́ fún," ni Tomekichi wí, orí rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀.