Ẹja Kan, Ìdajì Owó

Ẹja náà já àpò, ó bọ́ sórí tábìlì, ó sì fi ìrù gbá abọ́ eérú Waliyah dànù. Gbogbo obìnrin tó ń bá èèyàn fọ ẹja létí ọ̀sà, lẹ́yìn Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, dá ọ̀bẹ dúró láti wòran. Ẹja àrọ̀ ni. Ó gùn tó ọmọ ọdún méje, orí rẹ̀ fẹ̀ ju àwo ìjẹun lọ, ó sì ṣì ń mí. Ọkùnrin tó gbé e wá ti làágùn dé bẹ́líìtì. Ó na fóònù rẹ̀ sí Waliyah.

"Ẹ wò ó, àǹtí. Káàdì ẹ̀dínwó. Ẹja kan, ìdajì owó."

Waliyah ka a lójú fóònù. Òótọ́ ni. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kò sì ríbi sá sí.

Ọdún méjìlélógún ni ìyá Waliyah fi jókòó sídìí tábìlì iwájú yẹn, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi. Ẹni tó bá ra ẹja nínú ọjà, tí kò fẹ́ bá a jìjàkadì nílé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ dé. Nígbà tí ìyá kú, àwọn oníbàárà ní àwọn ò mọ ọwọ́ ọmọ, wọ́n ń kọjá lọ bá àwọn àgbà. Oṣù márùn-ún gbáko ni Waliyah fi lé eṣinṣin. Àárín ìgbà yẹn ni Toheeb dé láti Ítàmágà, ọmọkùnrin ẹlẹ́nu dídùn, bàtà rẹ̀ ń dán yinrin. Ó ní iléeṣẹ́ àwọn ń ta káàdì ẹ̀dínwó lórí fóònù. Oníbàárà á san ìdajì owó iṣẹ́, iléeṣẹ́ á mú ìdajì nínú ìyẹn, ìyókù á di ti Waliyah.

"Ẹ ṣáà máa wò ó bí èrò á ṣe ya lù yín, mà," ni Toheeb wí. "Tí wọ́n bá ti wá lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á máa padà wá." Ó wá béèrè ohun tí òun máa kọ síbẹ̀.

Ibẹ̀ ni àṣìṣe wọlé. Níbi tí Waliyah ti kọ́ṣẹ́, ẹnikẹ́ni kì í dá owó lé ẹja tí ojú rẹ̀ kò tíì rí. Wọn kì í gbé e sórí òṣùwọ̀n. Oníbàárà á gbé e sílẹ̀, ìwọ á wò ó, ìwọ á pe iye kan, òun náà á pe tirẹ̀, ẹ ó sì pàdé lójú ọ̀nà. Ẹni tó ti ń fojú díwọ̀n ẹja láti kékeré, báwo ló ṣe fẹ́ rántí pé ìwé ò lójú? Ó ní kó kọ "ẹja kan". Toheeb, tó jẹ́ pé inú obẹ̀ nìkan lòun àti ẹja ti ń pàdé, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ náà fi dé etí Àlàájà Mùsílímátù, ìyá ẹgbẹ́ wọn. Àlàájà kì í pariwo. Ó fi àkísà nu ọwọ́ rẹ̀ ní ìka kọ̀ọ̀kan kó tó sọ̀rọ̀.

"O ń ba ọjà jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́, Waliyah. Ẹni tó bá ti rí i ní ìdajì, kì í san odindi mọ́."

"Wọ́n á san án, Àlàájà. Wọ́n á padà wá."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Oṣù kan ni káàdì ẹ máa fi ṣiṣẹ́. Bí ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn bá padà wá sanwó pé kí wọ́n tó pe ìrun Àsárì lọ́jọ́ tó máa parí, jókòó síbi tí ìyá ẹ jókòó sí. Bí wọn ò bá padà, wàá kó ẹrù ẹ lọ sẹ́yìn, lẹ́bàá gọ́tà."

Ẹ̀yìn yẹn ni oníbàárà kì í dé. Ẹni tó bá kó lọ síbẹ̀, kí ó kúkú lọ wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Síbẹ̀ Waliyah, tí ẹnu rẹ̀ máa ń ṣáájú làákàyè rẹ̀, ní òun gbà, níṣojú gbogbo ẹgbẹ́. Ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ.

Òní ni oṣù náà parí. Èèyàn mọ́kànlélógójì ló ti mú káàdì wá, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan tó tíì padà. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ gba iwájú rẹ̀ kọjá lọ́sẹ̀ tó lọ, ó gbé ẹja fún ẹlòmíràn, ó sì tún yíjú sí Waliyah pé ó kú iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún ju kó bú u lọ. Ẹni kejìlélógójì ló wá dúró síwájú rẹ̀ yìí pẹ̀lú ẹja tó fẹ́ẹ̀ gbé tábìlì mì.

Waliyah pe Toheeb, Toheeb ò gbé fóònù. Àwọn obìnrin ti ń fi ẹnu pa mọ́ sínú ìborùn rẹ́rìn-ín. Ó lè lé ọkùnrin náà, kò sẹ́ni tó máa bá a wí. Ó wo ẹja náà, ó mí kanlẹ̀.

"Kí lẹ fẹ́ fi sè, bọ̀dá?"

Ó ya ọkùnrin náà lẹ́nu. Ọláníyọnu lorúkọ rẹ̀, ó ń ta pẹpẹsúùpù ní Ítàmágà. "Pẹpẹsúùpù ni. Mi ò fẹ́ kó fọ́ sínú omi."

Bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ nìyẹn: má fọ̀bẹ kan ẹja tó ò mọ ìkòkò tó ń lọ. Waliyah bu eérú mìíràn, ó fi pa ẹja náà lára títí gbogbo ohun tó ń yọ̀ lára rẹ̀ fi bọ́, ó fi ọsàn wẹ́wẹ́ nù ún. Ó la ikùn rẹ̀. Òróòro inú rẹ̀ tóbi tó ẹyin àdàbà. Bí ó bá bẹ́, gbogbo ẹja á korò dé ìrù. Ó ki ìka méjì bọ inú, ó ń fi ọ̀bẹ tọ́ ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó sì fà á jáde lódindi. Ẹnì kan pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn. Ó wò, àwọn èèyàn ti yí tábìlì ká.

Orí ló kù. Ọ̀bẹ kọ̀. Ó ránṣẹ́ sí àwọn tó ń yan ẹja pé kí wọ́n yá òun ní àáké tí wọ́n fi ń la igi. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ó gbé e sókè lẹ́ẹ̀kan, kò là. Ó gbé e lẹ́ẹ̀kejì, orí náà pín sí méjì bí obì. Nígbà tó gé ara ẹja náà tán, ègé kọ̀ọ̀kan nípọn bákan náà, kò sí èyí tó já wẹ́lẹ́.

Ọláníyọnu ń ka ègé wò bí ẹni tó rí owó he. "Ọdún kẹfà tí mo ti ń ra ẹja nìyí, ẹnì kan ò bi mí rí pé kí ni mo fẹ́ fi sè. Mò ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ pẹ̀lú mẹ́ta. Mi ò ní mú káàdì dání."

Waliyah yíjú sí Àlàájà Mùsílímátù.

"Ìlérí nìyẹn," ni Àlàájà wí láti orí àpótí rẹ̀. "Pípadà wá la jọ sọ."

Òótọ́ lọ̀rọ̀ àgbà. Ní mọ́ṣáláṣí, ládánì ti ń húkọ́ sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Waliyah bẹ̀rẹ̀ sí í nu ọ̀bẹ ìyá rẹ̀. Omi ti lé sí i lójú, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà fún mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà lẹ́yìn yín."

Ọmọbìnrin kan yọ jáde láàárín èrò, ó gbé èpìyà mẹ́rin sínú ọ̀rá. Waliyah mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Morìnsọ́lá ni, ó mú káàdì wá lọ́sẹ̀ kejì oṣù náà. Ó gbé ọ̀rá náà sórí tábìlì.

"Ẹ bá mi là á bíi tọjọ́sí, àǹtí."

"Káàdì ẹ dà?" Àlàájà ló béèrè.

"Mi ò ní káàdì mọ́, mà. Nítorí bàbá mi ni. Ojú wọn ò ríran mọ́, eegun sì ń bà wọ́n lẹ́rù, wọn ò jẹ ẹja fún ọdún méjì. Èyí tí àǹtí yìí là fún mi, tó yọ gbogbo eegun rẹ̀, wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n lá ọwọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé ẹja fún ẹlòmíràn là ní Ìjẹ̀dé. Ẹnu kan péré ni wọ́n fi kàn án. Wọ́n ní èyí kì í ṣe ọwọ́ ẹni ọjọ́sí, kí n lọ wá a. Ọkọ̀ méjì ni mo wọ̀ débí."

Waliyah wo ẹja náà, ó pe odindi owó. Morìnsọ́lá nájà díẹ̀, nítorí ẹni tí kò bá nájà níbẹ̀, wọ́n á ní ara rẹ̀ ò yá. Lẹ́yìn náà ló san án pé.

Ládánì pe ìrun. Àlàájà Mùsílímátù dìde. Ó gbé garawa, ó lọ sídìí ẹ̀rọ, ó pọn ọ́n kún, ó sì gbé e wá sẹ́bàá ẹsẹ̀ Waliyah. Kò sẹ́ni tó tíì rí i kó pọnmi fún èèyàn láàárín ọjà yẹn rí.

"Fi omi tó mọ́ fọ ti ọmọ yìí," ló wí, ó sì kọrí sí mọ́ṣáláṣí.

Fóònù dún. Toheeb ni. "Mà, mo rí ìpè yín. Ṣé ká tún un ṣe lóṣù tó ń bọ̀?"

Ẹnì kan ló padà nínú èèyàn méjìlélógójì. Waliyah ti fi oṣù kan ṣiṣẹ́ fún owó tí kò tó ra ọṣẹ. Lórí ìyẹn, Àlàájà ló jàre, kò ní í bá a jiyàn. Ó gbójú sókè. Èèyàn mẹ́rin ti tò sẹ́yìn Morìnsọ́lá, ẹja wà lọ́wọ́ wọn, kò sì sẹ́ni tó ń na fóònù nínú wọn.

"Mo ní oníbàárà níwájú, Toheeb," ló wí, ó sì pa fóònù.

Ó gbé èpìyà àkọ́kọ́, ó là á gba ẹ̀yìn. Nígbà tó kan àwọn eegun wẹ́wẹ́, ó dúró. Ó di ojú rẹ̀ méjèèjì, ó sì ń fi orí ìka wá wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́, bí ahọ́n bàbá náà yóò ṣe wá wọn.