Àpótí Kejì Lójúde Alhája

Ẹ súnmọ́ ìhín díẹ̀, ẹ̀yin tèmi. Ẹni tí ọ̀nà bá ń pè kó máa lọ, nítorí ìtàn tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe èyí tí a ń gbọ́ ní ìdúró. Kò sí ìjàpá nínú rẹ̀, kò sí ọba. Obìnrin kan ló wà níbẹ̀, àti àpótí ìjókòó méjì, àti àwọn àárọ̀ kan ní Bẹyẹrúnkà n'Ìbàdàn. Mo ṣèlérí pé n kò ní bù mọ́ ọn. Bó bá dùn yín níbì kan, ẹ jẹ́ kó dùn yín.

Bertha lorúkọ obìnrin náà. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Etí òkun nílẹ̀ Ìlàjẹ ni wọ́n bí i sí, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé sórí òpó, tí ọmọ ọdún mẹ́fà ti mọ ọkọ̀ í tù. Ibẹ̀ ló ti yan ẹja tà títí èéfín fi wọ inú irun rẹ̀. Ibẹ̀ ló sin ọkọ rẹ̀ sí, ibẹ̀ ló sì rò pé wọn yóò sin òun náà sí. Ṣùgbọ́n òkun bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ilẹ̀ wọn bí eku ṣe ń jẹ ọṣẹ. Ó jẹ ọjà, ó jẹ ilé ìwé, ó jẹ ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun tí wọ́n ti so ó pọ̀ mọ́ ọkọ rẹ̀. Nígbà tó di ìparí ọdún tó kọjá, ó fa òpó mẹ́rin yọ lábẹ́ ilé Bertha. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Ìyanuolúwa, tó ń fi bọ́ọ̀sì kó èrò láti Ọjà'ba lọ sí Ìwó Road, wá mú un lọ sí Ìbàdàn. Àpò kan ló gbé, àti ẹja gbígbẹ kún agbọ̀n, àti àjẹ̀ tó fi ń tu ọkọ̀. Ọmọ rẹ̀ ní kí ló fẹ́ fi àjẹ̀ ṣe lórí òkè. Bertha gbé e lé orí itan rẹ̀.

Lójú ọ̀nà, Ìyanuolúwa ń tù ú nínú. Ó ní kó má bẹ̀rù, pé Ìbàdàn kì í gbe onílé bí àjèjì. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Ìbàdàn fi ń yin ìlú wọn nìyẹn, gbogbo wa la ti gbọ́ ọ rí. Ṣùgbọ́n Bertha gbà á bí ẹni gba ìwé àdéhùn. Ó dì í mọ́ àyà.

Kí ẹ tó lè mọ ohun tó ń dun obìnrin yìí, ẹ ní láti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe lábúlé rẹ̀. Bí àlejò bá wọ̀lú, ilé ló ń jókòó sí. Á gbálẹ̀, á ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, á máa retí. Àwọn ará abúlé á tu ọkọ̀ wá bá a, ilé kan lónìí, ilé mìíràn lọ́la, wọn á kí i káàbọ̀, òun náà á fún wọn ní ohun tó bá mú bọ̀. Ìgbà tí ilé tó kẹ́yìn bá kí i tán ni ẹsẹ̀ rẹ̀ tó tú láti jáde. Àlejò tó bá kọ́kọ́ jáde tó ń ti ojúlé bọ́ sí ojúlé, alágbe ni wọ́n ń pè é, tàbí ẹni tó ń ṣọ́ ohun olóhun.

Nítorí náà, ọjọ́ kejì tí Bertha dé agboolé tí ọmọ rẹ̀ háyà yàrá méjì sí, ó ka ojúlé tó wà níbẹ̀. Méjìlá ni. Ó yọ tiwọn kúrò, ó pín ẹja gbígbẹ rẹ̀ sí ìdì mọ́kànlá, ó fi bébà wé wọn. Ó wọ búbà rẹ̀ tó dára jù, ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, ó jókòó.

Kò sẹ́nì kan tó wá.

Ó ní bóyá ọjà ni wọ́n lọ. Ní ọjọ́ kẹta ó tún wọ búbà náà. Àwọn èèyàn ń kọjá lójúde, wọ́n ń pọn omi ní kànga, wọ́n ń sá aṣọ. Wọ́n á wò ó fìrí, wọ́n á yíjú. Ní ọjọ́ kẹrin, ó bọ́ sí Ọjà'ba lọ ra ata. Létí òkun, bí wọ́n ṣe ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń bá àgbà sọ̀rọ̀, kò sí 'ẹ' ọ̀wọ̀ níbẹ̀, ìfẹ́ ló wà ńbẹ̀. Ó bi ìyá aláta kan pé èló lo fẹ́ tà á. Ìyá náà gbé ojú sókè, ó bi í bóyá àwọn jọ jẹun àná pọ̀ ni. Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni Bertha ti ń ra nǹkan bí odi, á nawọ́ sí i, á sanwó, á lọ.

Àìrìn pọ̀ ló ń jẹ ọmọ ejò níyà, ṣùgbọ́n ta ni ejò fẹ́ bá rìn níbi tí kò ti mojú ọ̀nà? Ìyanuolúwa á ti jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Sọ̀fíyàt, ìyàwó rẹ̀, ọmọ Ọjà'ba gan-an, tó ń ta aṣọ ní Gbági, á gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún un, á kúnlẹ̀, á lọ. Ọmọ dáadáa ni. Àmọ́ ìrọ̀lẹ́ ló ń padà, á sì ti rẹ̀ ẹ́. Bertha á wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa wo òrùlé páánù tó ti dípẹtà, tó yí gẹ̀rẹ́ láti ẹsẹ̀ òkè Màpó wá sílẹ̀ bí ìgbì tí ẹnìkan ní kó dúró. Ó dúró lóòótọ́. Kò mi, kò dún. Bertha tó jẹ́ pé ariwo omi ló fi ń mọ̀ pé òun ṣì wà láyé, kò gbọ́ nǹkan kan.

Ojú ẹnì kan ṣoṣo ló ń bá pàdé. Ní ọ̀kánkán rẹ̀, ìyá arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní Alhája Àṣàkẹ́ á jáde lẹ́yìn ìrun àárọ̀ pẹ̀lú tẹ̀sùbáà rẹ̀. Á gbé àpótí kan kalẹ̀ lójúde, á jókòó. Á tún fa àpótí kejì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹnikẹ́ni kì í jókòó sórí ìkejì yìí. Bertha rò pé ti olóògbé kan ni, tàbí pé búútà ni wọ́n ń gbé lé e. Alhája á wo Bertha. Bertha á wo Alhája. Inú Bertha á máa sọ pé, dìde, dìde wá kí mi, ìwọ ni mo bá ńlé. Alhája kò ní dìde. Nígbà tí oòrùn bá mú, á kó àpótí méjèèjì wọlé.

Eunice, àbúrò Bertha tó kù létí òkun, a máa pè é lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú. Ó ní ilé mẹ́fà ló ṣẹ́kù, pé omi ti ń wọ yàrá òun bí ayálégbé. Á wá bi í pé, "Ṣé wọ́n ti wá kí ọ káàbọ̀?"

Bertha á ní, "Wọ́n wá. Wọn ò tilẹ̀ jẹ́ kí n sinmi."

Bó bá gbé fóònù kalẹ̀ tán, á wo ìdì ẹja mọ́kànlá tó tò sórí tábìlì.

Ó wá bá ara rẹ̀ dá ọjọ́. Ó ní bí àkọ́rọ̀ òjò bá fi lè rọ̀ kí ẹnì kan tó kí òun káàbọ̀, òun á padà sílé. Ó mọ̀ pé kò sílé mọ́. Ó mọ̀ pé yàrá Eunice lòun máa sùn, pé òkun á sì wá bá àwọn méjèèjì níbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n ó ní òkun kì í kún kó bo ẹja lójú. Ó sàn kí ohun tó mọ òun pa òun, ju kí ohun tí kò mọ òun fi òun sílẹ̀ láàyè.

Òjò náà rọ̀ ní ọjọ́ Ajé kan. Nígbà tó dá, Bertha di àpò rẹ̀, ó gbé e ti àjẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mọ́tò Okìtìpupa, tí yóò gbé e padà sápá etí òkun, á gbéra láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Láti ọjọ́ Ẹtì ni kò ti yọjú síta. Ó bọ́ síta kó wo agboolé náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ibẹ̀ ló ti rí i pé àpótí kan ṣoṣo ló wà lójúde Alhája, èyí tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó lé. Omi òjò dúró lójú rẹ̀. Àgádágodo wà lẹ́nu ilẹ̀kùn Alhája.

Nígbà tí Sọ̀fíyàt ti Gbági dé nírọ̀lẹ́, Bertha bi í ibi tí ìyá náà wà. Sọ̀fíyàt ní ọmọ Alhája obìnrin ti wá gbé e lọ sí Àbújá láti ọjọ́ Sátidé, pé ẹsẹ̀ ń dùn ún, pé kò yẹ kó dá gbé mọ́. Bóyá ni á padà wá.

"Ta ló wá gbàgbé àpótí yẹn sínú òjò?"

"Wọn ò gbàgbé rẹ̀, Màámi. Alhája ló ní kí ẹnikẹ́ni má gbé e wọlé." Sọ̀fíyàt ń tú gèlè rẹ̀, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Tiyín ni. Láti ọjọ́ kejì tí ẹ ti dé ni wọ́n ti ń gbé e síta fún yín. Níbí, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ló ń lọ kí àwọn tó bá ńlé. Nígbà tí ẹ ò wá, àwọn kan ní ìgbéraga ni. Alhája ní rárá, pé ilé yín lẹ ń ṣọ̀fọ̀, pé a kì í fa aláàwẹ̀ sídìí oúnjẹ. Wọ́n ní bí ẹ bá ṣetán, ẹ ó sọdá, kí ẹ sì bá ibi ìjókòó."

Bertha di òpó ilẹ̀kùn mú. "Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Màámi, ẹnu wo ni èmi ìyàwó fẹ́ fi kọ́ ìyá ọkọ mi bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn?"

Bertha sọ ti abúlé rẹ̀ fún un, ti àlejò tó ń jókòó, ti alágbe tó ń ti ojúlé bọ́ sí ojúlé. Sọ̀fíyàt kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí àpò lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹ̀rín náà gbẹ. Ó yọ fóònù, ó pe Alhája, ó gbé e fún ìyá ọkọ rẹ̀.

"Ẹ káalẹ́ o, Alhája," ni Bertha wí. Ó ń yọ ọ̀rọ̀ náà díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń yọ eegun lára ẹja. "Èmi ni ìyá Ìyanuolúwa, ti ọ̀kánkán yín."

Alhája ní, "Ohùn yín nìyẹn? Ọjọ́ mẹ́rìndínláàádọ́ta ni mo kà. Mo ti ń rò ó pé bóyá ẹja ti gbé ahọ́n yín lọ."

Bertha kò mọ ìgbà tó rẹ́rìn-ín. Alhája wá ń ròyìn. Ó ní ilé ọmọ òun ga, ó tutù, ó mọ́, odi sì yí i ká débi pé ojú ọ̀run nìkan lèèyàn ń rí. Ó ní ní àárọ̀ àkọ́kọ́, òun gbé àga sẹ́nu géètì kí òun lè kí àwọn tó ń kọjá, mẹ́gáàdì sì rọra dà òun wọlé bí ewúrẹ́ tó já. Òun kí aládùúgbò kan nínú mọ́tò, ó gbé gíláàsì rẹ̀ sókè.

Bertha bi í pé, "Ta ló ti wá kí yín káàbọ̀?"

"Kò sẹ́nì kan."

Bertha dìde dúró. Ọ̀rọ̀ tó ti ń retí látọjọ́ tó ti dé, òun ló wá ń ti ẹnu rẹ̀ jáde. "Ẹ káàbọ̀, Alhája. Ẹ kú ìrìn. Ẹ kú ilé tí ẹ fi sílẹ̀."

Alhája ní, "Ẹ̀yin náà ẹ káàbọ̀ sí Bẹyẹrúnkà. Ó pẹ́ kó tó dé, ẹ má bínú. Ẹ bá mi máa jókòó síbẹ̀ láàárọ̀. Ojúde tí èèyàn kò bá jókòó sí, ewúrẹ́ á sọ ọ́ di tirẹ̀."

Mọ́tò Okìtìpupa lọ láìsí Bertha. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó kó ìdì ẹja sínú abọ́, ó ṣe ohun tí alágbe nìkan ń ṣe lábúlé wọn, ó ń ti ojúlé bọ́ sí ojúlé. Ó ti pẹ́ díẹ̀ kó tó jáde. Àgádágodo ló bá lẹ́nu ilẹ̀kùn mẹ́fà. Àwọn mẹ́rin tó bá ńlé gba ẹja, wọ́n súre fún un, wọ́n kí i káàbọ̀, wọ́n sì padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn. Ti Alhája ló dì padà, ó fi sókè àjà. Ó nu omi lójú àpótí kejì, ó jókòó, ó fi àyè àpótí kìíní sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bó ṣe wà. Ẹni tó bá kọjá, á kí i. Ẹlòmíràn á dáhùn, ẹlòmíràn á ti lọ.

Ibi tí mo gbọ́ ọ dé nìyí. Sọ̀fíyàt ló sọ ọ́ fún mi ní ìsọ̀ rẹ̀ ní Gbági, ó ń ká áńkárá bó ṣe ń sọ ọ́. Mo bi í bóyá Alhája ti padà wá sílé. Ó mi orí. Ó ní ní gbogbo àárọ̀, lẹ́yìn ìrun, fóònù ìyá ọkọ òun á dún lójúde, ìyá méjèèjì á kíra, wọn ò sì ní sọ ohun púpọ̀ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á kàn jókòó.