Máàkì Tí Tíṣà Ọ̀rẹ́dọlá Fún Oògùn

Kò sẹ́ni tí ò mọ̀ ní Makun-Omi pé bí bírò pupa Tíṣà Ọ̀rẹ́dọlá bá ti kan ìwé, ó parí. Ọdún mẹ́rìnlélógún ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kò yí máàkì padà rí. Àlùfáà ìjọ Mẹ́tọ́díìsì pàápàá wá bẹ̀ ẹ́ lọ́dún kan nítorí ọmọ rẹ̀. Ó fún àlùfáà lómi mu, ó sì sin ín dé ẹnu ọ̀nà.

Kókó kékeré kan ló yọ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgúnpá ọ̀tún. Bóyá ibi tó ti ń fọṣọ létí omi ni nǹkan ti ha á lára, kò rántí. Bí ògiri ò bá lanu, alángbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Kókó di egbò, egbò ń jẹ abẹ́ awọ lọ, ṣùgbọ́n kò dùn ún rárá. Ohun tó jẹ́ kó jókòó tì í fún oṣù mẹ́ta nìyẹn. Ìgbà tó fi máa dé ilé ìwòsàn n'Íjẹ̀bú-Igbó, egbò ti tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n mọ kòkòrò tó wà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì Kúbúrá ní oògùn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni, kò gbọdọ̀ pa ọjọ́ kan jẹ, ó sì gbọ́dọ̀ máa na apá náà lójoojúmọ́. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, bí egbò bá jiná, apá á ká kò síbẹ̀, kò ní í nà mọ́.

Apá tó fi ń kọ̀wé sójú pátákó! Ó kó wá sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin l'Ókè-Àgbò kó lè sún mọ́ ilé ìwòsàn, ó sì pinnu pé apá yìí ò ní í ká lójú òun.

Tíṣà wá ṣe ohun tí tíṣà máa ń ṣe. Ó ra ìwé, ó fa ìlà sí i, ó ń fún oògùn ní máàkì. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, á na rúlà sókè egbò, á wọ̀n ọ́n. Ọ̀sẹ̀ kìíní, oògùn gba mẹ́rin nínú mẹ́wàá. Ìkejì, márùn-ún. Ìkẹta, mẹ́fà. Ọ̀sẹ̀ kẹrin ni egbò fẹ̀ sí i, ó kọ òdo. Kúbúrá ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Tíṣà, à ń ṣọ́ ọ." Kò gbà á gbọ́. Ẹni tó ń tajà kì í sọ pé ọjà òun kan. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ẹ̀gbẹ́ egbò wú, ọyún ń tú jáde, ó wá ń dùn ún wọ egungun. Ó tún kọ òdo. Òdo lẹ́ẹ̀mejì léra. Kò lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ó di gbogbo oògùn sínú láílọ́ọ̀nù, ó gbé e sórí tábìlì.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Dárasími, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ti Àgọ́-Ìwòyè dé. Ẹ̀kọ́ nípa kòkòrò àrùn ló ń kọ́ ní yunifásítì níbẹ̀. Ó rí láílọ́ọ̀nù.

"Àǹtí, ẹ ò tíì lo tàárọ̀?"

"N ò lò ó mọ́. Ó ti feèlì."

Dárasími ṣí ìwé, ó kà á tán. "Àǹtí, kó tó di ọ̀sẹ̀ kẹrin, ṣé egbò yìí dùn yín rí?"

"Rárá."

"Bó ṣe fẹ̀ tó nìkan lẹ kọ síbí. Ẹ ò kọ ìrora." Ó jókòó tì í. "Kòkòrò yìí ní májèlé tó ń tú sára. Májèlé yẹn ló pa yín lára kú tẹ́ ò fi mọ ìrora, òun náà ló kun àwọn ọmọ ogun ara yín lóorun. Ó jọ pé oògùn ti pa púpọ̀ nínú kòkòrò, májèlé ti ń gbẹ, àwọn ọmọ ogun ti jí. Wọ́n bá ọ̀tá nínú ilé, òkú àti ààyè, inú bí wọn. Ìjà wọn ló ń wú, tó ń ṣọyún. Ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò ká lè mọ̀ dájú. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá dá oògùn dúró lónìí, kòkòrò tó kù á tún kùn wọ́n lóorun."

Ojú ń ti Tíṣà, inú sì ń bí i. Oṣù mẹ́ta ló fi ń yin egbò pé kò ni òun lára.

"Ọmọ tó dákẹ́ jù ní kíláàsì," ó ní, "òun gan-an ló yẹ kéèyàn máa ṣọ́. Èmi tí mo mọ èyí ni mo wá gbàgbé. Dìde, ká lọ."

Dókítà yẹ egbò wò, ó mú nínú ọyún fún àyẹ̀wò, ó ní ó jọ bí Dárasími ṣe wí, kó má dá oògùn dúró. Ojú Kúbúrá níbẹ̀ ló ti gbé tàárọ̀ mì. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá nírọ̀lẹ́, á na apá, á máa kà á sókè bí ọmọ kíláàsì kìíní, omi á máa bọ́ lójú rẹ̀. Kò fo ẹyọ kan. Oògùn parí lọ́sẹ̀ kẹjọ, ó sì tó oṣù mẹ́ta sí i kí egbò tó pa ojú dé.

Ọjọ́ tí wọ́n wọlé táàmù tuntun ní Makun-Omi, ó dúró níwájú pátákó, ó gbé apá ọ̀tún sókè. Kò nà tán bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó dé òkè pátápátá níbi tí wọ́n ń kọ déètì sí. Nígbà tí àwọn ọmọ lọ tán, ó yọ ìwé egbò jáde nínú báàgì, ó fi bírò pupa fagi lé òdo méjèèjì. Òfin iléèwé ni pé tíṣà tó bá yí máàkì padà gbọ́dọ̀ buwọ́ lù ú. Ó buwọ́ lù ú, ọwọ́ ọ̀tún ló sì fi ṣe é.